Bí a ṣe ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ fúnra ẹni: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tí kò ṣe é rí

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pààrọ̀ ẹ́ńjìnì Camry mi nígbà àkọ́kọ́, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Adó-Èkìtì. Ọjọ́ méjì péré ni títú rẹ̀ gbà. Wáyà tí mi ò rántí ibi tí mo ti yọ ọ́ ló jẹ ìyókù ọjọ́ mi, pẹ̀lú bọ́ọ̀tì tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi tí mi ò mọ ihò rẹ̀, àti gíábọ́ọ̀sì kan tí mo bà jẹ́ torí pé mo fi sípánà fa ohun tó yẹ kí n fi ọwọ́ tì wọlé. Mo ti ṣe mẹ́ta mìíràn lẹ́yìn ìyẹn, kò sì sí èyí tó kọjá ọjọ́ mẹ́rin nínú wọn. Kì í ṣe pé agbára mi pọ̀ sí i. Mo ń kọ nǹkan sílẹ̀ kí n tó tú u ni, mi ò sì fi ipá mú nǹkan wọlé mọ́.

Ẹni tó ní sùúrù lè ṣe iṣẹ́ yìí, àmọ́ kó má dá a ṣe. Ẹ wá ẹnì kan tó ti gbé ẹ́ńjìnì jáde rí, kó dúró tì yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde àti lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e wọlé. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni èmi máa ń bẹ̀, mo sì máa ń san owó iṣẹ́ ọjọ́ méjèèjì fún un. Owó yẹn kéré púpọ̀ sí owó gíábọ́ọ̀sì.

Camry ọdún 1997 sí 2001 tó ti Amẹ́ríkà wá, onílítà 2.2, tó ń lo ẹ́ńjìnì 5S-FE àti gíábọ́ọ̀sì ọtọmátíìkì, ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Òun ni mo mọ̀ jù. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ irú mìíràn, ìlànà náà kò yàtọ̀ púpọ̀, àmọ́ kí ẹ wá ìwé àtúnṣe ọkọ̀ tiyín fún àwọn ìwọ̀n tí mo bá dárúkọ.

Ṣé ẹ́ńjìnì ló kú lóòótọ́?

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ni wọ́n ti sọ pé ó kú tó jẹ́ pé ó ṣì ní ẹ̀mí. Ẹ kọ́kọ́ wo èéfín rẹ̀. Bí ó bá ń yọ èéfín aláwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó. Bí ó bá funfun, tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná, omi ń wọ inú sílíńdà, ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnì, ó sì lè má ju tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì lọ, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó wà láàárín tọ́pù sílíńdà àti búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì. Bí ó bá dúdú, epo ló ń pọ̀ jù, ìyẹn kò kan pípààrọ̀ ẹ́ńjìnì rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ yá ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn compression, ìyẹn agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ yọ fíúsì EFI tó wà fún ètò epo, kí ẹnì kan máa tẹ epo dé ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yí ẹ́ńjìnì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Lórí 5S-FE, sílíńdà kankan kò gbọdọ̀ wá sílẹ̀ ju 142 psi lọ, ìyàtọ̀ àárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù kò sì gbọdọ̀ ju 14 psi lọ. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kan sínú rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá gòkè, ríìngì písítìn ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, àwọn fáàfù tàbí tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, ẹni tó ń tún tọ́pù sílíńdà ṣe lè gbà yín lọ́wọ́ gbogbo wàhálà tó kù. Ariwo kó-kó-kó láti ìsàlẹ̀, tó ń yára bí ẹ bá ṣe ń tẹ epo, ni ó sábà máa ń sọ pé ó tó àkókò láti wá òmíràn.

Rírà á

Irú ẹ́ńjìnì tó bá jáde ni kó padà wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fẹ́ gbé V6, onísílíńdà mẹ́fà, sí ibi tí onísílíńdà mẹ́rin wà. Bí ó bá jẹ́ àkọ́kọ́ yín, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Síìtì ẹ́ńjìnì, ìyẹn ohun tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, kò ní bára mu, brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, kò ní bára mu, wáyà, ṣáàfùtì, títí kan sàlẹ́ńsà, ẹ óò bá gbogbo wọn jà.

Orúkọ ẹ́ńjìnì nìkan pàápàá kò tó. 5S-FE wà lára Camry 1992 sí 1996, ó sì tún wà lára ti 1997 sí 2001. Ti ìṣáájú ń fi distributor pín iná fún púlọ́ọ̀gì, ti ìkejì kò ní in. Ẹni tó bá ra ti 1994 fún ọkọ̀ 1999 yóò gbé e délé tán kó tó rí i pé wáyà ọkọ̀ òun kò ní ibi tí yóò wọ̀. Ọdún ọkọ̀ àti kóòdù tó wà lára búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì ni kí ẹ mú dání lọ sọ́jà, pẹ̀lú fọ́tò ẹ́ńjìnì tiyín láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọ̀pọ̀ wa ní Èkìtì máa ń ránṣẹ́ sí Ládìpọ̀, ní Mushin l'Ékòó. Èmi kì í ránṣẹ́, èmi fúnra mi ni mo ń lọ. Gbogbo wọn ni wọ́n ń pè ní tòkunbọ̀, àmọ́ bí ọ̀kan ṣe lò lókè òkun kọ́ ni èkejì ṣe lò. Mo máa ń ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí: bí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá rí bí ẹ̀kọ mímu, omi ti dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì, mo ti kọjá lọ nìyẹn. Mo máa ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò omi, torí ìpẹtà tó nípọn níbẹ̀ fi hàn pé omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n ń dà sí i. Mo máa ń yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ń tò wọ́n síwájú ara wọn. Ó yẹ kí àwọ̀ wọn jọra. Èyí tó bá tutù fún ọ́ìlì nínú wọn ti sọ ìtàn sílíńdà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi sípánà gígùn yí kíráńkì, ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, ní ìyípo méjì pípé. Ó gbọ́dọ̀ yí láìkọ́, láìdún. Ọlọ́jà tó bá ní kí ẹ má yí i, ẹ má bá a dúnàádúrà.

Ẹ wo ẹnu wáyà pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń fi ọ̀bẹ gé wáyà nígbà tí wọ́n ń yọ ẹ́ńjìnì, ẹnu tó bá ti gé yóò pa yín lẹ́kún ju ẹ́ńjìnì lọ. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti gé e, ẹ fi bẹ owó rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ní in lọ́kàn pé wáyà ti ẹ́ńjìnì àtijọ́ lẹ óò lò.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ní Camry 2002 sí 2006, èyí tí à ń pè ní Big Daddy: ẹ́ńjìnì 2AZ-FE tó wà nínú rẹ̀ ní àbùkù tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Ojú ìkọ́ tí bọ́ọ̀tì tọ́pù sílíńdà ń wọ̀ nínú búlọ́ọ̀kù máa ń já, pàápàá ní apá ẹ̀yìn, omi á sì máa jò níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ipa omi gbígbẹ ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì náà, níbi tí tọ́pù ti pàdé búlọ́ọ̀kù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnì sí. Ẹ óò nílò rẹ̀ tó bá yá.

Ibi iṣẹ́ àti irinṣẹ́

Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ wa, ojúlé ọ̀pọ̀ wa ló sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí lórí gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ibi tí símẹ́ńtì ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kódà bí ẹ óò bá tọrọ àyè lọ́wọ́ aládùúgbò. Ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì pa pọ̀ lè tó 200 kg. Bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá ń jù fìrì-fìrì lórí ṣéènì, ibi tí ilẹ̀ bá dà sí ni yóò forí lé.

Mo ti rí i tí wọ́n so ṣéènì búlọ́ọ̀kù mọ́ ẹ̀ka máńgòrò. Ẹ má ṣe é. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi irin píìpù tó nípọn ṣe ẹsẹ̀ mẹ́ta fún yín, tàbí kí ẹ háyà ti mẹkáníìkì, kí ẹ sì fi ṣéènì so ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nísàlẹ̀ kí wọ́n má baà ya. Ṣéènì búlọ́ọ̀kù tó lè gbé tọ́ọ̀nù kan ti tó. Bí ẹ óò bá wọ abẹ́ ọkọ̀, irin ìdúró mẹ́rin ni kó gbé e, kì í ṣe jáàkì, kì í sì í ṣe búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé. Búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé kì í kìlọ̀ kó tó fọ́.

Sípánà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì 10, 12, 14, 17 àti 19 ló ń tú èyí tó pọ̀ jù nínú Camry. Nọ́ọ̀tì táyà jẹ́ 21, nọ́ọ̀tì àárín ṣáàfùtì jẹ́ 30. Ẹ wá torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń fún bọ́ọ̀tì, kún un, bó ṣe ẹ̀yáwó. Ọwọ́ wa máa ń tan wá jẹ: nọ́ọ̀tì táyà Toyota fẹ́ 103 Nm, púlọ́ọ̀gì fẹ́ bíi 18 Nm péré, àmọ́ ẹni tó ń fi okun ara fa nǹkan máa ń fa méjèèjì bákan náà. Òjò náà ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn oṣù kẹwàá, kí eruku ọyẹ́ tó wọlé, ni èmi máa ń yàn.

Títú u

Kí sípánà tó kan ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò. Èmi máa ń ya tó ọgọ́rùn-ún. Ẹ ya ibi tí róbà kọ̀ọ̀kan ti ń kọjá, èyí tó wà lókè àti èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi téèpù aláwọ̀ funfun dì mọ́ ẹnu wáyà àti ihò tó ti jáde, kí ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sára méjèèjì. Fún bọ́ọ̀tì, ẹ ya àwòrán ẹ́ńjìnì sórí páálí ńlá, kí ẹ sì gún bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan sí ibi tó ti jáde lórí àwòrán náà. Gígùn bọ́ọ̀tì kì í dọ́gba. Èyí tó gùn, tó bá wọ ihò kúkúrú, lè fọ́ búlọ́ọ̀kù.

Epo ni ẹ óò kọ́kọ́ mú kúrò. Ẹ gbé àga ẹ̀yìn, ẹ fa wáyà páńpù epo yọ, kí ẹ tan ọkọ̀ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni epo tó wà nínú páìpù kò ní fọ́n sí yín lójú. Lẹ́yìn náà ẹ tú orí bátìrì, ẹsẹ̀ tó jẹ́ odi (−) ni kó kọ́kọ́ kúrò. Ẹ fi máákà fa ìlà yí ibi tí bónẹ́ẹ̀tì ti jókòó sí, kí ẹ tó tú u, òun ni yóò jẹ́ kó padà bó ṣe wà.

Ẹ da omi rádíétọ̀ sínú báàfù, kí ẹ bò ó lójú ẹsẹ̀. Kúláǹtì dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ewúrẹ́ àti ajá àdúgbò kì í mọ̀. Ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ḿù, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Àwọn káfíńtà máa ń fi kun igi nítorí ikán, inú wọn yóò dùn láti gbà á. Kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀, pàápàá ní ilé tó bá ní kànga.

Kọ́ńpírẹ́sọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù àti páńpù sítíárì, ẹ má tú páìpù wọn. Ẹ tú bọ́ọ̀tì tó so wọ́n mọ́ ẹ́ńjìnì nìkan, kí ẹ fi okùn so wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú páìpù wọn. Gáàsì kò ní jáde, ẹ kò sì ní san owó láti dá a padà.

Ó kan ṣáàfùtì méjèèjì. Táyà kúrò, nọ́ọ̀tì 30 kúrò, ẹ tú bọ́ọ̀lù ìsàlẹ̀, kí ẹ fa ọwọ́ táyà síta, kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ yọ ṣáàfùtì lẹ́nu gíábọ́ọ̀sì. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni sàlẹ́ńsà, okùn gíá, àwọn róbà, àti wáyà ìsopọ̀ tó lọ sínú ọkọ̀. Mo máa ń fi ẹnu wáyà brain box sílẹ̀ di ìkẹyìn, torí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà, ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ́.

Gbígbé e jáde

Ẹ fi ṣéènì mú irin ìgbé ẹ́ńjìnì méjèèjì tí Toyota fi sára rẹ̀, kò sí ibòmíràn. Ẹ fa ṣéènì títí yóò fi gba ìwúwo, kí ẹ tó tú síìtì ẹ́ńjìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ẹnì kan fa ṣéènì, kí ẹnì kejì máa darí ẹ́ńjìnì, kí ẹnì kẹta má ṣe ohunkóhun ju pé kó máa yí ká, kó máa wò. Iṣẹ́ ẹnì kẹta yẹn ló ṣe kókó jù. Nígbàkígbà tó bá ní «ẹ dúró», ẹ dúró. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wáyà kan á wà tí a gbàgbé, òun ni yóò sì rí i. Kò gbọdọ̀ sí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lábẹ́ ẹ́ńjìnì tó wà lókè, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ́ńjìnì àtijọ́, ẹ má tíì tà á fún àwọn tó ń ra irin. Ẹ gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun títí tuntun yóò fi ṣiṣẹ́. Òun ni ìwé tí kò ní parọ́ fún yín. Ara rẹ̀ náà ni ẹ óò ti yọ sensor, manifold àti búrákẹ́ẹ̀tì tí tuntun kò bá gbé wá.

Kó tó wọlé

Nísinsìnyí tí ẹ́ńjìnì tuntun wà nílẹ̀, tí ẹ sì ti tú gíábọ́ọ̀sì kúrò lára ti àtijọ́, ẹ pààrọ̀ gbogbo ohun tí ọwọ́ kò ní lè tó mọ́ tó bá wọlé. Bẹ́líìtì tímìn, páńpù omi tí bẹ́líìtì yẹn ń yí, àti àwọn síìlì: ti iwájú kíráńkì, ti kámú, àti síìlì ẹ̀yìn kíráńkì tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì. Síìlì ẹ̀yìn yìí kò wọ́n. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, tó sì ń jò lóṣù kejì, gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ tún wálẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí torque converter, torí ibẹ̀ ni mo ti bà tèmi jẹ́. Ohun yìí rí bí ìkòkò irin, ó jókòó sẹ́nu gíábọ́ọ̀sì, inú rẹ̀ sì ní eyín tó ń bá páńpù gíábọ́ọ̀sì mu. Tí a bá ń gbé nǹkan kiri, ó máa ń yọ síwájú díẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i. Kí ẹ tó gbé gíábọ́ọ̀sì sún mọ́ ẹ́ńjìnì, ẹ máa yí converter náà pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ sì máa tì í rọra. Ẹ óò rí i pé ó wọ inú lọ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn kan á wọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó bá ti jókòó tán, ẹ gbé irin gbọọrọ sí ẹnu gíábọ́ọ̀sì, ojú converter gbọ́dọ̀ wà nínú, lẹ́yìn irin náà.

Lẹ́yìn náà ẹ so ẹ́ńjìnì pọ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé pẹ̀lú ọwọ́ nìkan. Bí àlàfo bá kù, kódà bó ṣe ìwọ̀n ìka kékeré, ẹ fà á yọ padà kí ẹ wo ohun tó dí i. Èmi fi bọ́ọ̀tì fa àlàfo tèmi dí. Ó wọlé lóòótọ́. Ohun tó dún gbàù nínú rẹ̀ ni páńpù gíábọ́ọ̀sì tó fọ́. Bí ojú méjèèjì bá ti pàdé, kí ẹ tó fún bọ́ọ̀tì, converter ṣì gbọ́dọ̀ yí pẹ̀lú ọwọ́ láti ihò kékeré ìsàlẹ̀.

Dídá gbogbo rẹ̀ padà

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ bí fọ́tò yín bá pé. Ẹ sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ rọra, ẹ fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀tì síìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé kí ẹ tó fi sípánà fún èyíkéyìí nínú wọn.

Àwọn ohun tí èèyàn máa ń gbàgbé rèé. Wáyà ìdalẹ̀, èyí tó so ara ẹ́ńjìnì mọ́ ara ọkọ̀: bí kò bá sí, iná tí sítátà ń lò á gba ara okùn gíá kọjá, á sì jó o. Ẹ ha ibi tó jókòó sí títí irin á fi funfun. Èkejì, A140E tó jẹ́ gíábọ́ọ̀sì Camry yìí ní yàrá tó dá dúró fún difẹ́ẹ̀ṣà, àwọn eyín tó ń pín agbára fún ṣáàfùtì méjèèjì, ọ́ìlì ibẹ̀ kì í ti inú gíábọ́ọ̀sì wá. Bí ẹ ti yọ ṣáàfùtì, ó ti dà nù. Ó ní ihò tirẹ̀, bíi lítà 1.6 ni yóò gbà, ọ́ìlì Dexron kan náà tí gíábọ́ọ̀sì ń lò. Mo ti rí difẹ́ẹ̀ṣà tó gbẹ títí tó fi lọ̀ nítorí pé wọ́n rò pé ọ̀pá ìwọ̀n gíábọ́ọ̀sì ti sọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ dá thermostat padà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi rádíétọ̀ bí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa máa ń yọ ọ́ dà nù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná. Thermostat Toyota máa ń ṣí ní nǹkan bíi 82°C, ooru tó ju ti omi Ìkọ̀gòsì tí à ń wẹ̀ lọ fíìfíì. Ooru yẹn ni ẹ́ńjìnì náà ń wá. Bí ẹ bá yọ ọ́, brain box á máa rò pé ẹ́ńjìnì ṣì tutù, á máa da epo lé epo, ẹ óò sì máa san owó rẹ̀ ní ilé epo.

Ìtanná àkọ́kọ́

Ẹ da ọ́ìlì tuntun sí i títí ọ̀pá ìwọ̀n á fi kún. Ẹ yọ fíúsì EFI àti púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yí ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe, títí iná ọ́ìlì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù á fi kú. Ọ́ìlì ti dé òkè nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ dá púlọ́ọ̀gì àti fíúsì padà, kí ẹ so wáyà páńpù epo. Kí ẹnì kan dúró pẹ̀lú ohun ìpaná.

Nígbà tó bá tan, ẹ má tẹ epo. Ẹ wo iná ọ́ìlì: bí kò bá kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ pa ọkọ̀. Ẹ ṣí híítà dé òpin, kí ẹ fi ìdérí rádíétọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí kí afẹ́fẹ́ lè jáde, kí ẹ máa da omi àti kúláǹtì kún un bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Bí róbà rádíétọ̀ òkè bá ti ń gbóná, ẹ dé e. Ẹ dúró ti ọkọ̀ náà títí fáàn á fi yí, tó sì dáwọ́ dúró, lẹ́ẹ̀mejì. Ní gbogbo àkókò yìí, tọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀, kí ẹ máa wá ibi tó ń jò. Bí iná check engine bá wà, ẹ pe rewáyà kó fi ẹ̀rọ kà á kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde.

Ọjọ́ kìíní, àdúgbò nìkan. Ẹ padà wálé, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wo omi àti ọ́ìlì, kí ẹ tún fún nọ́ọ̀tì táyà. Òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni ìdánwò tòótọ́ fún ẹ́ńjìnì ní ìpínlẹ̀ wa, àmọ́ kó ti rin 300 km lọ́nà títẹ́ kó tó lọ síbẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ooru bá kúrò láàárín nígbà tó ń gun òkè náà, ẹ dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Ní 500 km, ẹ da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù, kí ẹ wò ó lójú oòrùn kí ẹ tó gbé e sọ nù. Bí irin tó ń dán bá wà nínú rẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín pẹ̀lú rìsíìtì.

Rìsíìtì yẹn náà lẹ óò mú lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú ìwé ọkọ̀ yín, ó sì ti yàtọ̀ báyìí sí èyí tó wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yí i padà kí ẹ tó gba ọ̀nà Àkúrẹ́, kí ẹ má baà máa ṣàlàyé fún ọlọ́pàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ibi tí ẹ ti rí ẹ́ńjìnì. Nígbà tí ìwé bá jáde, tí ọkọ̀ sì ti lò ó fún oṣù kan láìjò, ẹ lè wá jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin wá gbé ti àtijọ́ lọ.